Ìkarahun Méje

Fausta gbé ìkòkò ńlá lé èjìká, ó sì bọ́ sínú òkun láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Omi mù ún dé àyà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àlejò méjìlá ń fò sómi, wọ́n ń pariwo bí ọmọ ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi, àwọn kan náà tó jẹ́ pé lánàá òde yìí ni wọ́n ń bì káàkiri inú ọkọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi eyín di ọ̀rá kékeré kan mú, ó sì na ọrùn sókè kí omi má bàa kàn án.

"Àǹtí, ẹ mú ọ̀rá yẹn wá, kí n bá yín gbé e," ni Marivic, ọmọbìnrin tó ń mú àwọn àlejò kiri, ké láti orí ọkọ̀.

Fausta sọ ìkòkò kalẹ̀ sórí iyanrìn, ó yọ ọ̀rá lẹ́nu. "Fi í sílẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ ni kó o lọ bójú tó."

Súmàn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rá náà, ìrẹsì tí ó fi omi àgbọn sè lánàá, tí ó wé sínú ewé, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ rí. Òní ni ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti gbéra ní ìlú Coron, tí wọ́n ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Òní náà sì ni ọjọ́ àwọn òkú, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń kó oúnjẹ àti àbẹ́là lọ sí ojú oórì àwọn èèyàn wọn.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ alásè ló dùn mọ́ ọn. Obìnrin ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta wo ló fẹ́ máa fi orí omi ṣe ilé, kí ó máa bọ́ àwọn tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa? Erékùṣù Kaluganan yìí ló ń wá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bí ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan ti ìlú ńlá dé tòun ti ìwé lọ́wọ́, ó ní òun ló ni erékùṣù. Wọ́n kó ẹrù. Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀ àfi ọkọ̀ àwọn àlejò, kò sì sí ọmọ ibẹ̀ tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ àfi Melchor, àbúrò rẹ̀, tí wọ́n fi ṣe olùṣọ́. Fausta bá lọ bẹ Ọ̀gá Tiburcio, tó ni ọkọ̀, pé kí ó gba òun síṣẹ́. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ìfẹ́ àbúrò ló ń dà á láàmú. Ó jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Nening, ọmọ rẹ̀ yẹn, ló ń wá rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ibà mú un lọ́sẹ̀ tí ìjì kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan lọ sí ìlú, nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó kú. Àárín igi àgbọn ni wọ́n sin ín sí. Fausta fi ìkarahun méje yí i ká, àwọn ìkarahun ńlá tó ń ti ìsàlẹ̀ òkun wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bàsíà. Ọdún kẹtàlélógún rèé. Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, bí àwọn àlejò bá ti ń lúwẹ̀ẹ́, á ní òun fẹ́ lọ tọ̀, á yọ́ wọ àárín igi, á gbá ewé kúrò, á sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kì í tan àbẹ́là. Bí ó bá tan àbẹ́là, èèyàn á béèrè, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohunkóhun.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ìjì ló ṣẹ́ apá ọkọ̀, wọ́n sì wọ́ ọ gun èbúté láti tún un ṣe.

Melchor ti dúró de é létí omi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀, ẹ wá wo ohun tí mo ṣe fún yín!"

"Kí ni? Jẹ́ kí n mí ná."

"Ẹ sáà máa bọ̀."

Ilé ìdáná ni. Tuntun. Òrùlé páànù, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń dán, ààrò tó ga dé ìbàdí kí alásè má bàa máa tẹ̀ ba mọ́. Tẹ́lẹ̀, orí iyanrìn ni Fausta ti ń lóṣòó dáná, tí afẹ́fẹ́ ń da yẹ̀pẹ̀ sínú ìrẹsì, tí àwọn àlejò ń yọ òkúta lẹ́nu, tí Ọ̀gá Tiburcio ń jágbe mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn. Kí n má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó wọlé, ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì, gbì, gbì, láti mọ̀ bóyá ó le.

"Èmi fúnra mi ni mo po sìmẹ́ǹtì yẹn," ni Melchor wí. "Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló máa lò ó, kí ẹnikẹ́ni má da iyanrìn púpọ̀ jù mọ́ ọn."

"Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ. Ẹ̀yìn mi ń kí ẹ." Ó tún kilẹ̀. "Wò ó, mo lè jó níbí!"

Ó sì jó. Ìgbésẹ̀ méjì, mẹ́ta, ọwọ́ ní ìbàdí, tí Melchor ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó dáná, ó gbé ìrẹsì kaná, ó fi ẹja sínú iyọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀rá rẹ̀, ó ní òun ń lọ tọ̀.

Igi àgbọn kò sí mọ́. Ìjì ti wó wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ti gé wọn, wọ́n ti kó wọn, wọ́n sì ti ro ilẹ̀ náà dọ́gba, ó wá dà bí orí tí wọ́n fá. Igi ló fi ń mọ ọ̀nà: láti ibi èyí tó wọ́, á ka méje, á yà sọ́tùn-ún. Kí ló fẹ́ kà báyìí? Ó rìn títí dé ìdí àpáta, ó padà. Ó tún rìn. Iyanrìn funfun nìkan ló ń rí, oòrùn sì ń ràn sí i lójú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìkarahun kì í ṣe ewé, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e lọ.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ẹ̀rín.

Ilé mẹ́ta tuntun ni wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò. Níwájú àkọ́kọ́, ọkùnrin kan tí oòrùn ti jó lára pọ́n ń ṣan iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ kí ó tó wọlé. Ó rí Fausta, ó sì kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ohun tí ọkùnrin náà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ni Fausta ń wò. Ìkarahun ni. Etí rẹ̀ kán níbì kan, ibi tí ìdákọ̀ró bàbá Nening ti bà á lọ́jọ́ tí wọ́n ń fà á jáde lómi.

Méjì wà níwájú ilé àkọ́kọ́, méjì níwájú ìkejì, méjì níwájú ìkẹta. Ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ ló ti rí ìkeje, wọ́n gbé ọṣẹ sínú rẹ̀.

Ó bá Melchor lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń la igi.

"Melchor. Àwọn ìkarahun yẹn."

"Ẹ ti rí wọn? Ọ̀gá tó ni erékùṣù ló ní kí n wá nǹkan tí àwọn àlejò á máa fi ṣan ẹsẹ̀."

"Ti Nening ni."

Melchor sọ àáké sílẹ̀. "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Ká ní ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀ ni, Ọlọ́run ló gbọ́, wọn ì bá pa mí kí wọ́n tó kó ìkankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó o lọ sí ìlú. Ọdún kejìdínlógún rèé tí ibẹ̀ ti ṣófo. Mo ní, ṣé kòtò òfìfo ni mo fẹ́ torí ẹ̀ bá ọ̀gá jà ni?"

Fausta bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa igi tó là jọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kó o lọ sí ìlú. Bẹ́ẹ̀ ló wí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì gbà.

Bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ ni pé bí ọdún márùn-ún bá pé, wọ́n á kó egungun òkú, wọ́n á wé e sínú aṣọ funfun, wọ́n á sì gbé e lọ sí ibojì ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá wọn wà lórí àìsàn tó pa á nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀: kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ náà dá wà láàárín àgbọn. Fausta mú ọkọ́ àti aṣọ funfun, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan etí aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Ọwọ́ náà kò lọ síwájú mọ́. Ó bo ilẹ̀ padà, ó da ara dé e, ó sunkún. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo bá aláìsàn? Iyùn inú òkun, funfun bí egungun, tí omi ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́, pọ̀ létí òkun, tín-ín-rín, kúkúrú. Ó ṣà wọ́n, ó dì wọ́n sínú aṣọ. Fádà gbàdúrà lé e lórí. Ìyá wọn gbá a mọ́ àyà, ó dúpẹ́, ó sì kú ní ìrọ̀rùn. Iyùn ló wà nílùú tí wọ́n kọ orúkọ Nening lé lórí.

"Níbo gan-an lo ti kó wọn?" ni Fausta béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. "Mo wò ó títí, mi ò mọ ibẹ̀ mọ́."

Melchor bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n! Ibi tí ẹ ti ń jó lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Abẹ́ ààrò yẹn gan-an ni. Ibẹ̀ ló tẹ́jú jù."

"Ẹ gbẹ́ ilẹ̀?"

"Ká gbẹ́ kí ni? A kàn da sìmẹ́ǹtì lé e lórí ni."

Iná ń jó nínú ààrò. Ìrẹsì ti ń hó, ó ń ta omi sórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ náà wá sí Fausta lẹ́nu, ó dé orí ahọ́n, ó kù díẹ̀ kó bọ́. Ó wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀, bí sìmẹ́ǹtì ti họ ọ́, tí àtẹ́lẹwọ́ là káàkiri. Bí ó bá sọ ọ́, Melchor á gbé òòlù lónìí, á fọ́ ilẹ̀ náà, wọ́n á lé e lọ, kò sì ní sí ẹni tiwọn kankan mọ́ ní Kaluganan. Tàbí kó máà fọ́ ọ, kó kàn máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí tó fi máa kú. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ wò ó, ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé." Melchor ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú àbẹ́là kan jáde, oòrùn ti jẹ́ kó tẹ̀. "Ẹ bá mi tàn án fún un tí ẹ bá dé ìlú. Lọ́dọọdún ni mo máa ń fi rán èèyàn. Ó ṣáà yẹ kí ìyá rẹ̀ náà bá mi tan ọ̀kan."

Lọ́dọọdún. Fún iyùn. Fausta gba àbẹ́là náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Fausta!" Ọ̀gá Tiburcio ló ń jágbe létí omi. "Ebi ń pa àwọn èèyàn yìí o! Àbí o ti sùn ni?"

"Mò ń bọ̀!"

Ó dé etí sìmẹ́ǹtì, ó dúró. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sórí iyanrìn. Ilẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rò ó pé kí òun pa iná náà, ṣùgbọ́n ìrẹsì kò tíì jinná, èèyàn méjìlá sì ń dúró. Ó kó igi méjì kúrò, kí iná má bàa jó jù. Ó dín ẹja. Ó tú súmàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tò wọ́n sórí ewé lẹ́yìn ààrò. Ó fi iná ibẹ̀ tan àbẹ́là, ó kán epo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi gbé e ró.

Marivic wọlé wá kó àwo. "Àǹtí, àbẹ́là lójú ọ̀sán gangan?"

"Eṣinṣin ni. Mò ń fi lé eṣinṣin."

Marivic kò rí nǹkan kan nínú ìyẹn, gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí i. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ìdí tábìlì àwọn àlejò nígbà yẹn, ibẹ̀ ni eṣinṣin pọ̀ sí."

"Fi í sílẹ̀!"

Ohùn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin náà fi fà sẹ́yìn. Ó wo Fausta, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àǹtí, bàtà yín dà?"

"Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ dọ̀tí. Tuntun ni."

Marivic kó àwo, ó jáde. Láti ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ẹnì kan ní ìrẹsì tòní dára, kò ní iyanrìn, àwọn yòókù sì pàtẹ́wọ́ fún alásè. Ọjọ́ mẹ́jọ sí òní, ọkọ̀ á tún gúnlẹ̀. Á tún dáná níbí, lọ́jọ́ yẹn, àti lẹ́yìn ìyẹn, títí agbára rẹ̀ á fi tán. Fausta gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ń ti ibi ààrò lọ síbi àwo, ó sì ń fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.