Ọ̀dà Inú Ife

Ìwọ tó ń ka èyí, dákun, má kà á sókè. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, gbé e sílẹ̀ ná, torí ohun tó wà níbẹ̀ ń rí ni lára. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ta ló kọ ọ́, o kò mọ̀.

Bàbá Akákíọ́sì, olórí ilé àwọn mọ́ńkì tó fi ayé sílẹ̀ fún àdúrà, ń fi ọ̀bẹ ha àwòrán Ìyá Ọlọ́run bí ẹni ń ha ìpẹ́ ẹja. Ẹ̀yìn àgbá ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Òun nìkan ló kù látìgbà tí Ọba ti ní kí wọ́n sun gbogbo àwòrán mímọ́. Èérún ọ̀dà ń já bọ́ sínú ife wáìnì. Opó kan, Kalẹ́, tí inú ń run, ti la ẹnu sílẹ̀ dè é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha ibi aṣọ yẹn," ni Dómétíọ́sì wí. Mọ́ńkì ni òun náà, òun ló ya àwòrán náà. "Òkúta olóró ni mo lọ̀ sí i. Mo ti rí eku tó lá a. Kò padà dé ihò."

"Ṣé eku gbàgbọ́ ni?"

Kalẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ó ń ṣahun ọ̀dà ni."

Ó mu ún. Ó fi ìka nu ìdí ife, ó lá ìka. Etè rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, itọ́ ń fà níbẹ̀. Dómétíọ́sì fún imú pọ̀, ó gbójú kúrò. Kò pẹ́, obìnrin náà bì sí i lẹ́sẹ̀, ó gbóná, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Bàbá ní kó fi aṣọ nù ún, kó má sì sọ aṣọ náà nù. Mímọ́ ni.

Mímọ́! Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́ fún olórí ilé?

Ọ̀sán ni aṣojú Ọba dé láti Kọnsitantinópù, ìlú Ọba, pẹ̀lú ọmọ-ogun méjì àti ìkòkò oje igi àti ìda tó ń hó. Kò sẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ ìkòkò náà. Irùngbọ̀n mọ́ńkì ni wọ́n ń dà á sí, kí wọ́n tó ṣáná sí i.

Aṣojú náà fi aṣọ bo imú, nítorí òórùn ẹja. "Bàbá ayàwòrán, ẹ jókòó. Wọ́n ní ẹ̀ ń ha àwòrán sínú wáìnì fáwọn aláìsàn. Ṣé òótọ́ ni? Èèyàn á máa jẹ ọ̀dà!"

Òótọ́ ni. Bí Dómétíọ́sì bá sì ti sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé àwòrán ṣì wà nínú ilé. Wọ́n á sun ún. Wọ́n á mú Bàbá.

"Kò... kò dára," ó wí.

"Kí ni kò dára?"

"Kéèyàn máa jẹ ọ̀dà."

"Ẹ ṣeun! Èrò wa dọ́gba." Ọkùnrin náà fún imú pọ̀.  Bí Dómétíọ́sì náà ṣe fún imú pọ̀ láàárọ̀ gan-an nìyẹn.

Wọ́n wọ́ Kalẹ́ wọlé láti ojú ọ̀nà. Kò lè dá dúró.

"Ìwọ obìnrin, kí lo mu níbí?"

"Wáìnì."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Omi. Ahun ni àwọn mọ́ńkì yìí. Omi ló pọ̀ jù nínú ọtí wọn."

Àwọn ọmọ-ogun bú sẹ́rìn-ín. Kalẹ́ tún bì, ó sì ṣubú. Aṣojú Ọba fa etí aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ gbé ìdọ̀tí yìí jáde. Ẹ dúró ná. Kí ló wà létè rẹ̀ yẹn?"

Dómétíọ́sì ti kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dìde. Ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ẹnu obìnrin náà, etè, eyín, gbogbo rẹ̀. Ó ń rùn.  Ó ṣì ń rí i lára, bó ti rí i lára láàárọ̀, kò dín kù. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè kórìíra nǹkan tó báyìí, kó má sì fi lé ọ̀tá lọ́wọ́.

"Kí lo nù kúrò?" Aṣojú Ọba ò pè é ní Bàbá mọ́.

"Èébì."

"Àwọ̀ wo ni?"

Ìda ń hó nínú ìkòkò. Dómétíọ́sì ká apá aṣọ náà sínú.

"Mo ti sọ̀rọ̀ tán," ó wí.

Wọ́n tún bi í. Wọ́n gbé ìkòkò sún mọ́ ọn, wọ́n tún bi í.

Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó na irùngbọ̀n rẹ̀ sí wọn.