Mo Ti Jí, Ẹ Dúró

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí aládùúgbò kankan má baà lọ bù mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ìsìlámíyátù, ọmọ ọmọ mi, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Ọmọ tó ń ṣe ipò kejì ní kíláàsì! Ọmọ tó ń bá mi to àwọn abọ́ tí mo ń tà ní ọjà Assiyéyé ní Lomé, tó ń bá àwọn oníbàárà sọ èdè Mina ju èmi lọ! Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ òórùn nínú yàrá, mo rò pé ológbò ló wọlé. Mo ká aṣọ ìbora, mo rí i.

"Ìwọ àgbàlagbà yìí?" Mo pariwo débi pé gbogbo àgbàlá gbọ́. "Ṣé o fẹ́ padà di ìkókó ni?"

Ó ká ẹní, ó lọ sá a sóòrùn, ó wọ aṣọ ilé ìwé, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún ṣe é. Mo fòfin de omi mímu lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, mo tilẹ̀ gbé ife pa mọ́. Pàbó ló já sí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣe ohun tí ojú fi ń tì mí títí dòní. Mo gbé ẹní tútù yẹn lé e lórí, mo ní kó yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún àwọn àbúrò mi. Àwọn ọmọdé tò tẹ̀lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Atọ̀ọ́lé! Atọ̀ọ́lé!" Mo tún rẹ́rìn-ín. Thérèse, ọmọ Atakpamé tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló sáré jáde tó gba ẹní náà lórí ọmọ.

"Ìyá Bùkọ́lá, ẹ dákun," ó ní. "Ọmọ tí kò tọ̀ sílé láti ọjọ́ yìí, tó wá bẹ̀rẹ̀ lójijì, nǹkan ló dé bá a. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò."

Mo ní kó lọ bí tirẹ̀ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi rí, Ọlọ́run ló dá mi báyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, mo mú ọmọ lọ. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí àìsàn kankan. Dókítà wá bi mí bóyá ohun kan yí padà nílé wa. Mo ní rárá, kò sí.

Irọ́ ni mo pa. Bùkọ́lá, ọmọ mi, ìyá Ìsìlámíyátù, ti lọ sí Libreville, ìlú tó jìnnà réré sí Lomé, lọ ránṣọ fún obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń gbé. Nílé tiwa, a kì í fi ẹkún sin arìnrìn-àjò. Wọ́n ní ẹkún a máa ba ọ̀nà jẹ́. Ẹni tó bá lọ́mọ kékeré, ìgbà tọ́mọ bá ń sùn ló ń jáde, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe fún mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún Bùkọ́lá. Lóru ọjọ́ tó ń lọ, ó ti fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká láti jí i. Èmi ni mo fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Má jí i," mo ní. "Ṣé o fẹ́ kó fi ẹkún lé ọ dé ọ̀nà ni?"

Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu géètì kó má baà pariwo, ó gun zém, ọlọ́kadà náà gbé e lọ. Nígbà tọ́mọ jí, mo ní ìyá rẹ̀ lọ ra aṣọ ní Cotonou, ó ń bọ̀ ní Jímọ̀. Jímọ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó sọ òtítọ́ fún un. Kò sunkún, èmi náà sì yìn ín pé ó gbọ́n. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí Bùkọ́lá bá pè lórí fóònù, màá ti fojú sọ fún ọmọ pé má sunkún o. Á sì fi Faransé ní dáadáa lòun wà: "Ça va, Màmá. Ça va." Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún Bùkọ́lá. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Bó bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, á ní kí n fi ọmọ òun ránṣẹ́ sóun. Ta ló wá kù fún mi? Tépù tí Bùkọ́lá fi ń wọn aṣọ ṣì wà lórí ìṣó níbi tó fi í sí, mi ò lè mú un kúrò níbẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí débi pé ṣíbí mẹ́ta ni mo ṣì ń kó síwájú oúnjẹ alẹ́. Kí wọ́n wá gba ọmọ náà kún un? Mo pa ẹnu mi mọ́.

Lóru ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí irin géètì ń dún. Mo rò pé olè ni, mo mú ọmọ odó dání, mo jáde. Ìsìlámíyátù ni. Ó ti wọ aṣọ ilé ìwé lé aṣọ tó fi sùn, ó wọ bàtà, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete, kò sì rí mi. Orí mi wú. Mo ń ké Bísímílá lábẹ́lẹ̀. Ó ń fa irin géètì, ìtọ̀ ń ṣàn gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sínú bàtà, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Mo ti jí. Ẹ dúró. Màmá, mo ti jí."

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni, ìgbà tí Bùkọ́lá jáde gan-an. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó tẹ̀lé mi padà láìjí. Mo fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ yìí ń sáré lọ bá ìyá rẹ̀ lálaalẹ́, èmi sì ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ fún ara mi bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Thérèse, mo tọrọ àforíjì. Ó ní ká fi àgádágodo sí géètì, ká so agogo kékeré mọ́ ilẹ̀kùn yàrá, ká má sì jágbe mọ́ ọmọ tó ń rìn lójú oorun. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kó sunkún, Ìyá. Ẹkún kò lè gba ojú jáde, ló fi ń gba ibòmíràn."

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Bùkọ́lá pè. Ọmọ gba fóònù. "Ça va, Màmá."

Mo já a gbà. "Kò ça va rárá! Irọ́ ló ń pa fún ọ, èmi ni mo kọ́ ọ!" Mo rò gbogbo rẹ̀ fún un, ẹní, àtẹ́wọ́, géètì, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Bùkọ́lá ní kí n fún ọmọ òun ní fóònù.

"Mo fọwọ́ kàn ọ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ mi. Ó yẹ kí n jí ọ. Má bínú sí mi."

Áà, ẹ wá wo ẹkún! Ọmọ náà sun ún bí ẹni pé ó ti ń tò ó pa mọ́ láti oṣù méjì. Ìyá rẹ̀ ń sun ún níbẹ̀, èmi ń sun ún níbí. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì pé kó dákẹ́.

Lẹ́yìn ẹkún ni Bùkọ́lá sọ ohun tí mo ti ń bẹ̀rù. Ó ní bí ilé ìwé bá ti gba vacances ńlá, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, òun á mú ọmọ òun wá sọ́dọ̀ ara òun. Mo ní, "Ó dáa." Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtọ̀ náà kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan. Ó dín kù díẹ̀díẹ̀, agogo ẹnu ilẹ̀kùn sì ń dákẹ́ pẹ́. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ẹní ti ń gbẹ. Àwa méjèèjì á máa ka oṣù, òun pẹ̀lú ayọ̀, èmi pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dénú.

Oṣù Keje pé. Hortense, ọ̀rẹ́ Bùkọ́lá tó ń tajà láàárín Lomé àti Libreville, ló fẹ́ mú un lọ. Mọ́tò á dé ní aago mẹ́rin òru. Ní tòótọ́, mi ò ní agbára rẹ̀. Mo bẹ Thérèse pé kó jí ọmọ, kó ṣí géètì fún wọn. Nígbà tákòókò tó, mo fi aṣọ bo orí, mo pirọrọ. Mo gbọ́ tó ń wẹ̀. Mo gbọ́ tó ń pa ẹnu àpò dé. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ẹní mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í han-an-run.

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ìyá, mo mọ̀ pé ẹ ò sùn."

Mo túbọ̀ han-an-run. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ta ló máa sọ ìyẹn fún Ìsìlámíyátù? Ó ká aṣọ kúrò lójú mi, ojú mi sì ti tutù.

"Ẹ dìde, ẹ sìn mí dé géètì," ó ní. "Ẹ lè sunkún, kò burú."

Mo dìde láìwọ bàtà. Ó dì mọ́ mi lẹ́nu géètì, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀, Hortense sì ń pè é. Ó wọ mọ́tò, ó yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá, ó dàbọ̀ o!"

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ohun tó jáde lẹ́nu mi yàtọ̀. Mo di irin géètì mú níbi tó ti máa ń dì í mú, mo ń wí pé, "Mo ti jí, ọmọ mi. Mo ti jí," títí iná mọ́tò fi yà sí títì.