Ẹ̀wù Iléyá Mìkáílù

Nígbà tó ku ọdún díẹ̀ kí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa Mọ̀múdù, oníṣòwò aṣọ ní Tàmálè, gba òṣìṣẹ́ méjì: èmi Ìgè, àti Mìkáílù. Apá mi gùn, ti Mìkáílù kúrú. Ìdí tó fi gbà wá nìyẹn.

Láti àárín àyà dé ṣóńṣó ìka là ń pè ní ọ̀pá aṣọ kan. Bí a bá ń rà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ ní Kukuo, èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá ń tà, Mìkáílù ni. Ọ̀gá ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ̀sùbáà ló máa ń fà ní tirẹ̀.

Odidi ọdún mẹ́ta, kò fún wa ní ẹ̀wù Iléyá rí. Ẹ̀wù kan ṣoṣo tí mo ní ti ya ní èjìká méjèèjì. Ó ń bí mi nínú.

Ní Iléyá ọdún kẹta, Mìkáílù wọ agbádá tuntun wá sí yídì. Ègé aṣọ méjìlá ni wọ́n rán pọ̀, gbogbo rẹ̀ láti ìsọ̀ wa. Ó ti ń ṣẹ́ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀ bó bá ń wọ̀n, ó sì ń kó èyí tó bá yọ sápò. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún.

Ọ̀gá wọ́ ọ lọ síwájú Sẹ́ríkí Yorùbá, olórí àwa Yorùbá tó wà nílùú náà. Ó ní olè ni, kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Oyún oṣù mẹ́jọ sì wà nínú Ràbíátù ìyàwó Mìkáílù. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Sẹ́ríkí fọwọ́ pa agbádá náà. "Tòó. Aṣọ ta ló jí?"

"Ti àwọn oníbàárà mi. Ó ń gé e kù fún wọn."

Hàjàrá, oníbàárà wa kan, dìde. "Ọ̀pá mẹ́wàá ni mo rà, Sẹ́ríkí. Aránṣọ ní kò pé mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wá."

"Kí gbogbo ẹni tó bá rà á gbé tirẹ̀ wá," ni Sẹ́ríkí wí. "Ìgè ni yóò wọ̀n ọ́n. Apá tirẹ̀ gùn."

Ọ̀gá wo apá mi. Ó tún wo ti Mìkáílù.

"Mo ti rántí," ó ní. "Ègé tó ṣẹ́kù nínú ìsọ̀ ni. Èmi ni mo fi ta á lọ́rẹ fún Iléyá."

Àwọn èèyàn ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run fi kún un. Mìkáílù dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́.

Mo dìde. Mo na apá mi méjèèjì kí wọ́n lè rí ibi tí ẹ̀wù mi ti ya dáadáa.

"Ọ̀gá," mo ní, "tèmi ńkọ́?"