Ṣinṣín Tí Màmá Pín

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Ètè gbogbo ará Òkè Gàdà ló ti bẹ́, eruku sì ti jókòó sórí gbogbo nǹkan tó wà nílé, títí kan orí ike ṣúgà, ike iyọ̀ àti ike fúláwà tí Yẹ́misí tò sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi aṣọ nù wọ́n. Kó tó yíjú padà, eruku mìíràn ti bà lé wọn. Ó kàn wò wọ́n ni, kò bínú. Ẹni tó ti rẹ̀ dénú eegun kì í rí agbára bínú.

Olùkọ́ ni Yẹ́misí, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lójú ọ̀nà Awo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi ọdún ni, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ bí àwọn yóò ṣe sùn àsùnpara. Òun rẹ́rìn-ín sí wọn, ó kó báàgì rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Ọkọ rẹ̀, Olúwaṣeun, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ayọ̀mípọ̀sí, wà ní yunifásítì ní Ìlọrin, ìdánwò ò sì tíì jẹ́ kó ráyè wálé. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ilé náà, tọ̀sán tòru.

Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ yìí. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Màmá láti kékeré, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Bí Iléyá bá dé, ẹran á máa ti ojúlé dé ojúlé wọlé tọ̀ wọ́n wá. Bí Kérésìmesì bá dé, á kan Màmá. Wọn á din ṣinṣín, wọn á dì í sínú ọ̀rá, wọn á sì gbé e kiri gbogbo ilé tó yí wọn ká, àti ilé ọ̀rẹ́ àti ilé ẹni tí kì í fẹ́ kí wọn láàárọ̀. Wọn kì í ra ti ọjà. Wọ́n máa ń sọ pé, “Èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe ni ẹ̀bùn. Èyí tí mo bá rà, ẹni tó tà á ló yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni nǹkan ti ń yọ́ lọ lórí Màmá. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọn á máa wá gíláàsì ojú tó wà lójú wọn. Wọn á pe Yẹ́misí ní Grace, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n gbé ọ̀bẹ, wọ́n ní àwọn ń lọ sí oko àwọn ní Alájùé, oko tí wọ́n ti tà kí Ayọ̀mípọ̀sí tó dáyé. Dókítà ní àìsàn tó ń mú ọpọlọ àgbà ni, pé kò sí oògùn tó lè wò ó sàn, kí wọ́n máa ṣe sùúrù.

Yẹ́misí gbọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ bó ṣe le tó. Kí ló fẹ́ sọ? Ó ti gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ bí arúgbó obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Wọ́n á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Màmá yìí ló sì gbà á bí ọmọ nígbà tó wọlé ọkọ, àwọn ló pọn Ayọ̀mípọ̀sí fún un títí tó fi parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ rẹ̀. Yẹ́misí búra nínú ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò nawọ́ sí Màmá lójú òun.

Nítorí náà, bó bá ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, á gbé oúnjẹ àti omi sí tòsí Màmá, á jáde, á sì ti géètì láti ìta. Bí aládùúgbò bá béèrè wọn, á ní, “Wọ́n ń sinmi ni.” Lẹ́yìn náà, á dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán, ẹnu rẹ̀ á máa kọ́ wọn ní ìṣirò, ọkàn rẹ̀ á wà lẹ́yìn géètì yẹn. Bó bá délé, iṣẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó sì mú kó máa po fúláwà lọ́jọ́ tí à ń wí yìí náà nìyẹn. Kò wù ú láti din ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí Kérésì bá dé tí ṣinṣín Màmá ò jáde, gbogbo ènìyàn á béèrè ohun tó ṣe Màmá.

Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò ó.

“Grace, ṣé o ti bu ṣúgà sí i?”

“Màmá, Yẹ́misí ni. Mo fẹ́ bù ú báyìí.”

“Bù ú dáadáa o. Ẹ̀bùn tí kò dùn, èébú ni.”

Fóònù dún nínú ilé. Yẹ́misí nu ọwọ́, ó wọlé lọ gbé e. Olúwaṣeun ni. Ó kí i, ó béèrè ilé, ó béèrè Màmá.

“Dáadáa ni wọ́n wà,” ni Yẹ́misí wí, bó ṣe máa ń wí nígbà gbogbo.

Nígbà tó padà dé ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ Màmá funfun, ojú wọn sì ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n yìn. “Mo ti bù ú sí i fún ọ,” ni wọ́n wí.

“Ẹ ṣeun, Màmá.”

Ó pò ó. Ó fi ìgò nà án pẹlẹbẹ lórí pákó, ó gé e wẹ́wẹ́. Ó dáná sí ààrò, ó gbé agbada kaná, ó ń dà á sínú òróró, ó ń fi ajere kó o jáde, ó ń dà á, ó ń kó o. Èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, ẹ̀yìn ń ro ó. Òórùn òróró gbígbóná ti sú u débi pé kò lè fi ẹyọ kan kan ẹnu. Nígbà tó din èyí tó kẹ́yìn, ó da gbogbo rẹ̀ sínú tírè ńlá kó lè tutù, ó fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní, ó ní kí òun na ẹsẹ̀ díẹ̀. Oorun gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó jí, oòrùn ti kúrò lórí ògiri. Ó kọ́kọ́ rí tírè. Ó ti ṣófo. Ó wo orí àpótí, kò rí Màmá. Ó sáré dé iwájú ilé. Géètì tó ṣí sílẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó ń kó igi ìdáná wọlé, kò rántí tì í mọ́.

Kò wá bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré sọdá ọ̀nà, ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Sàídì lọ, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wọn.

“Bàbá Sàídì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí Màmá?”

“Ìyá Ayọ̀, fara balẹ̀. Ṣinṣín ni wọ́n ń pín kiri. Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá Fawziyah, ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.” Bàbá Sàídì gbé ọ̀rá tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ike omi ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. “Ó yá, bá mi jẹ ẹ́. O ń mí gúlegúle.”

Yẹ́misí mú ẹyọ kan jù sẹ́nu láìronú. Kò tíì rún un tán tí ojú rẹ̀ fi yí padà.

“Bàbá Sàídì! Iyọ̀ rèé!”

“Iyọ̀ kẹ̀?” Bàbá Sàídì wolẹ̀, ó gbé ike omi, ó mu. “Èmi ò mọ̀ ọ́n ní iyọ̀ o. Ó dùn lẹ́nu tèmi.”

Ilé Sìmbíátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fawziyah, ni ilé kẹta sí ti wọn. Iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Yẹ́misí dé, Màmá ti na ẹsẹ̀ sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi tíì gbígbóná pa ọyẹ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ iṣu tí wọn yóò wà ní Alájùé. Sìmbíátù ń dá wọn lóhùn, ó ń béèrè bí iṣu náà ṣe tóbi tó. Ọ̀rá ṣinṣín wà láàárín àwọn méjèèjì.

Yẹ́misí kúnlẹ̀. “Ìyá Fawziyah, ẹ má bínú. Ẹ dá ṣinṣín yẹn padà fún mi. Èmi ni mo ṣi iyọ̀ mú, oorun ló ń kùn mí.”

Sìmbíátù na ọwọ́ sí i. “Ìyàwó wa, dìde, wá jókòó.”

“Mo máa din òmíràn fún yín—”

“Mo ní kó o jókòó. Ìwọ kọ́ lo ṣi iyọ̀ mú. A mọ̀.”

“Ẹ mọ kí ni?”

Sìmbíátù rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá kò fetí sí wọn. “A ti mọ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ tí Bàbá Sàídì fi ọ̀kadà gbé Màmá wálé, tó ní òun rí wọn lọ́nà ọjà lòun ṣe ní kí òun gbé wọn, kì í ṣe ọ̀nà ọjà ló ti rí wọn. Etí odò ni. Ilé bàbá wọn ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá. Láti ìgbà yẹn la ti ń ṣọ́ wọn. Nígbà tó o wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì…” Ó bu tíì kún ife Màmá. “Màmá máa ń kan géètì láti inú, bí o bá ti lọ tán. Mo máa ń gbé àpótí mi lọ síta géètì yín, mo máa ń jókòó síbẹ̀. Àwa méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ látinú ihò ara géètì, títí wọ́n á fi gbàgbé pé àwọn fẹ́ jáde.”

Ìtìjú gun Yẹ́misí láti ẹsẹ̀ dórí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ó ń ti àgbàlagbà mọ́lé bí ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, ìbínú tí kò mọ̀ pé òun ṣì ní.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ kàn ń wò mí!”

“Ìwọ lo bò ó. Ta ni yóò ṣí igbá tí onílé dé? A ní bó bá rẹ̀ ọ́ tán, wàá sọ.”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé wọ́n á ní Màmá jẹ́…”

“Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, mi ò ní parọ́ fún ọ. Bàbá Sàídì dá a lóhùn, kò tún sọ ọ́ mọ́. Ṣó o rí bàbá tó bí mi, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe é kó tó lọ. Ìyá rẹ̀ ló ń pè mí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo ń jẹ́ ẹ. Kí ni ǹ bá ṣe?”

Nígbà yẹn ni Yẹ́misí sunkún. Kò pariwo. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ lára eruku tó wà níbẹ̀, Màmá sì na ife tíì wọn sí i, wọ́n ní kó mu ún, ọyẹ́ ló ń dà á láàmú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ọkọ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Olúwaṣeun bi í léèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń bọ̀ kí ọdún tó pé, àti pé àwọn yóò jọ wá bí wọn yóò ṣe ṣe é. Yẹ́misí àti Sìmbíátù sì ti fẹnu kò pé bí ilé ìwé bá wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Sìmbíátù ni Màmá yóò máa wà lójúmọmọ. Kì í ṣe pé ìyẹn yanjú gbogbo nǹkan. Nígbà tí ó yá, àwọn àárọ̀ kan wà tí Màmá ń kọ̀ láti lọ, tí wọ́n á di ilẹ̀kùn mú, tí wọ́n á máa sunkún pé wọ́n ń lé àwọn kúrò nílé. Yẹ́misí á sì pẹ́ délé ìwé. Ṣùgbọ́n kò ti géètì mọ́ wọn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí Màmá pín ṣinṣín, Sìmbíátù gbé fúláwà àti bọ́tà wọlé tọ̀ wọ́n wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Fawziyah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Pólì, tẹ̀ lé e, ó ń kọrin. Yẹ́misí ní àwọn ènìyàn ti gba tiwọn, kí wọ́n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Sìmbíátù ní rárá, òun ò ní fi iyọ̀ ṣọdún. Ó gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ jókòó, kó kàn máa sọ bí wọ́n ṣe ń gé e.

Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣí sílẹ̀ lórí itan.

Màmá tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. “Ọmọ ta nìyí?” ni wọ́n bi Sìmbíátù.

“Ìyàwó yín ni, Màmá. Ìyàwó ọmọ yín.”

“Ṣé ìyàwó mi ni?” Màmá tú ìborùn èjìká wọn, wọ́n rọra dà á bo ẹsẹ̀ Yẹ́misí. “Ẹ má pariwo o. Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Fawziyah rẹ ohùn orin rẹ̀ sílẹ̀. Sìmbíátù tún da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú òróró.