Àríkẹ́ Kọ̀, Kò Pè Mí Lórí Òkè Amúnimí

Àlá tí mo lá mọ́jú òní, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi o. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ máa na ẹsẹ̀ yín lọ, torí ó ṣì ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè. Alága, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò tíì mọ ohun tí ẹ dà.

Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là yín lọ́yẹ̀. Nínú Ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀-Kò-Gbélé yìí, méjì-méjì là ń sáré gun Òkè Amúnimí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé orí òkè kò gbọdọ̀ jókòó, kò sì gbọdọ̀ mu omi. Orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lókè lọ́hùn-ún ni yóò dúró sí, tí yóò máa fi oríkì pe ẹnìkejì rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ nínú kùrukùru. Ìgbà tí ẹni ìsàlẹ̀ bá dáhùn ni akọ̀wé tó lè kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé. Kò sí ìdáhùn, kò sí orúkọ. Ọdún tí Bàbá Ẹléran ṣubú sínú kòtò, tí gbogbo wa rò pé ó ti lọ sílé, tó sì jẹ́ pé inú kòtò ló sùn mọ́jú, ni a ti fi òfin náà lélẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Àríkẹ́ ìyàwó mi fi jọ sá a. Òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu náà kò sì falẹ̀. Á dúró, á fọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á ní, "Àkànjí o!" Èmi á dáhùn, ẹsẹ̀ mi á sì fúyẹ́.

Ó di ọdún méjì ó lé oṣù kan báyìí tó ti kú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Dádì ni àwọn ọmọ ń pè mí. Bàbá Tọ́mi ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹgbẹ́ wá fi Bọ́lárìn yìí, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń lẹ táyà ní oríta, ṣe ẹnìkejì mi. Ó ní kí n sọ oríkì mi fún òun, mo ní kó má yọ mí lẹ́nu. Ó ń dúró sórí òkè, ó ń pe Bàbá Tọ́mi títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi ń gbẹ, mi ò dáhùn. Oṣù mẹ́jọ rèé, orúkọ èmi àti tirẹ̀ kò sí nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ó ń sáré bí ẹtu. Mo mọ̀ pé ẹ ń bú mi lẹ́yìn. Ó yẹ kí ẹ bú mi.

Nínú àlá náà, orí ibùsùn mi ni mo wà. Mo wò, mo rí i pé títì ọ̀dà ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó yí ibùsùn po, ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo yín tò síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹ ń fi bàtà tẹ ẹní mi.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wá kánfáàsì mi lábẹ́ ibùsùn. Ti òsì nìkan ni mo bá.

"Ìkejì rẹ dà?" mo bi í.

"Ó lọ sí Ìlawẹ̀," bàtà náà dáhùn. "Wọ́n ń ṣe ìkómọ níbẹ̀."

"Ìkómọ ta ni?"

"Ti sálúbàtà kan ni. Ìbejì ló bí."

Mo ní ó dára, kó bá mi kí wọn kú ewu. Mo wá lọ mú bàtà ọ̀tún Àríkẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó bọ́ ọ sí. Mi ò gbé e kúrò níbẹ̀ rí láti ọjọ́ yẹn. Lójú ayé, ìka ẹsẹ̀ mi méjì péré ló lè gbà. Lójú àlá, ó bá mi mu rẹ́gí. Mo tẹ́tí sí i bóyá òun náà yóò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Kí lo wí?" Ti òsì ló ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ó ń ṣàròyé pé ẹrẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lára òun.

Fèrè dún, a gbéra. Títì náà gùn, àmọ́ wọ́n ti ká èyí tó kù bí ẹní. Ìyáàfin Ajíbóyè, akọ̀wé wa, gbé e rù, ó ń tẹ́ ẹ síwájú wa díẹ̀díẹ̀. Tó bá rẹ̀ ẹ́, gbogbo wa á dúró dè é. Níbi tí a ti ń dúró ni mo ti gbójú sókè, mo rí ọ́fíìsì ìjọba kan tó léfòó sójú ọ̀run. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Ẹnì kan yọrí lójú fèrèsé ibẹ̀, ó ní, "Ẹni tí kò bá tíì gba ìwé àṣẹ ìlàágùn, kó máa bọ̀ lókè!"

Mo fọwọ́ kan iwájú orí mi. Ó ti tutù rinrin, mo ti ń làágùn láìgbàwé. Mo di okùn mú, mo gòkè.

Ọ̀gá mẹ́rin ló jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo. Alága, ẹ̀yin ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ewé yín yẹn.

"Kí lẹ fẹ́ fi òógùn ṣe?" Alága bi mí.

"Mo fẹ́ fi gun òkè ni, sà."

"Ta ni yóò pè yín?"

"Àríkẹ́ ni."

Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ó ti dé òkè láti ọdún méjì ó lé oṣù kan. Àmọ́ a kò tíì gbọ́ kó pe ẹnikẹ́ni. Ó ṣì dúró."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọ. Ó ṣì dúró! Ẹ wò ó, ọdún méjì ni mo fi ń rò ó lórí ibùsùn pé bóyá ó ti gbàgbé mi. Mo ní kí wọ́n tètè lu òǹtẹ̀ fún mi. Bí Alága ṣe gbé òǹtẹ̀ sókè báyìí ni aago lu méjì, iṣẹ́ parí, gbogbo àwọn ọ̀gá náà sì di ewúrẹ́. Alága, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dà á. Ẹ má bínú sí mi, ìwo yẹ yín. Irùngbọ̀n yín kò tilẹ̀ yí padà, bó ṣe wà yìí náà ló wà. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹ má jẹ ibi tí Àríkẹ́ wà."

"Lẹ́sẹẹsẹ la ń jẹ ẹ́," òbúkọ náà dáhùn, tòun ti ìwé lẹ́nu.

"Tí ẹ bá wá jẹ ẹ́ débẹ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kò gun òkè rí nìyẹn. Tó bá pè yín kí á tó débẹ̀, a ó fi í sílẹ̀. Ẹ yáa máa sáré."

Mo bẹ́ jáde láti ojú fèrèsé. Ìdí Òkè Amúnimí ni mo balẹ̀ sí, kò sì dùn mí. Òkè náà wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ mi wo lẹ fẹ́ gbà?" Mo ní ẹ̀gbẹ́ tí ìyàwó mi máa ń gbà. Ó ní ó yé òun, ó rọra yí ara rẹ̀ po, ó sì kọ ẹ̀gbẹ́ náà sí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Bí mo ṣe ń gòkè ni mo ń lọ sísàlẹ̀. Mo wá kọ ẹ̀yìn sí òkè, mo ń fi ẹ̀yìn rìn, ìyẹn ló wá ṣiṣẹ́. Bàtà Àríkẹ́ nìkan ló mọ ibi tí ó ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bọ́lárìn wà nísàlẹ̀ mi, ó ń yí táyà ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀. Ó ní òkè ti ń jò, òun fẹ́ pààrọ̀ táyà rẹ̀. Ní gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń pariwo, "Bàbá Tọ́mi! Bàbá Tọ́mi o!" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kódà lójú oorun, agídí mi kò sùn.

Kùrukùru ká kúrò, mo sì rí i.

Ó dúró lórí àpáta pẹrẹsẹ. Ó lọ́ ìró aláró mọ́ orí ṣòkòtò eré rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó di gúgúrú àti ẹ̀pà sọ́wọ́, ó ń jẹ ẹ́. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Mo dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i, torí ẹni tí a kò bá tíì pè kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan àpáta náà.

"Ẹ kú eré o," ó wí.

"Àríkẹ́."

"Ẹ ti rù. Ta ló ń se oúnjẹ fún yín?"

"Èmi ni."

"Ó hàn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Àríkẹ́, pè mí. Àwọn Alága ti ń jẹ ìwé."

Ó mi orí. "N ò ní pè yín."

"Kí ni mo ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Tí mo bá pè yín, ẹ ó dáhùn. Mo mọ̀ yín."

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí lẹ mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa láti kékeré: tí òkú bá pe èèyàn lójú àlá, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ, torí kò ní jí mọ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa níbi tí mo dúró sí, bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó rọra pè é, kó tilẹ̀ fi ẹnu lásán pè é láìjẹ́ kí ohùn jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó bu gúgúrú sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ, kí ọ̀rọ̀ má bàa ráyè. Omi ń dà lójú rẹ̀, àmọ́ kò dẹ́kun jíjẹ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àárò rẹ̀ sọ mí níbi tí mo ti ń wò ó. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè wà níwájú ẹni kí àárò rẹ̀ tún máa sọ ni.

Nígbà tó gbé e mì, ó nawọ́ sẹ́yìn mi. "Ta ló ń pariwo yẹn?"

"Bọ́lárìn ni. Òun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò dá a lóhùn?"

"Kò mọ oríkì mi."

"Ṣé ẹ sọ ọ́ fún un?"

"Tìẹ ni," mo wí. "Ìwọ nìkan lo ni ín."

"Ìyá yín ló sọ yín ní Àkàn..." Ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó wá ní, "Ìyá yín ló sọ yín bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀ yín rárá. Èmi náà yá a ni." Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sókè. "Ẹ bọ́ bàtà mi fún mi. Àpáta yìí tutù."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tú okùn rẹ̀. Mi ò yára. Mo ń tú u, mo ń wò ó, mo tún ń tú u. Nígbà tí mo gbé bàtà náà sókè láti jù ú sí i, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ewúrẹ́ kan ké, mo sì jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ewúrẹ́ ló ń ké lóòótọ́, ti ará ilé kejì, lẹ́yìn fèrèsé mi. Bọ́lárìn tó wá pè mí fún eré ló ń bá a fa nǹkan: "Tú u sílẹ̀! Bàbá Tọ́mi, ó ń jẹ nọ́ńbà yín o!" Mo ti fọ aṣọ nọ́ńbà náà lánàá, mo sì sá a sórí okùn. Ẹ wò ó láyà mi, ìlàjì ló kù.

Mo bá wọn níta. Bọ́lárìn ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló jẹ ẹ́. Mo ní, "Àkànjí ni ìyá mi sọ mí."

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó wí i lábẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń kọ́ orin. Ó ní, "Ṣé kí n pè é wò, sà?"

Mo ní kó lọ dúró lẹ́nu géètì kó pè é láti ibẹ̀. Ó lọ. Ó fọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ké e. Ohùn rẹ̀ ki, kò jọ ti Àríkẹ́ rárá.

Mo ní, "Hòò! Mo ń bọ̀."