Ọba Èéfín Kò Gbọdọ̀ Kú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn dé pé Kuramochi ti kú. Yoshie ń fi omi gbígbóná fọ ọ̀fun rẹ̀ lọ́wọ́ nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní Tokyo, nítorí ohùn ọmọ ọdún méjìlá kì í rọrùn láàárọ̀ fún obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Nagase, olùdarí iṣẹ́, wọlé, ó tẹrí ba, ó ní Kuramochi sùn, kò jí. Yoshie gbé omi tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwọn méjèèjì fi bá ara wọn jà. Yoshie ni ohùn Tomaru, ọmọkùnrin akọni inú kátúùnù tí àwọn ọmọdé ń wò láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Kuramochi ni ohùn Ọba Èéfín, ìkà tó fẹ́ jí oòrùn gbé. Ó gbìyànjú rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ, kò rí i jí. Bí iṣẹ́ bá parí, ìkà a máa bá akọni gbé báàgì dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, nítorí orúnkún ń dun akọni.

Oṣù méjì ni Ọba Èéfín kò fi yọjú nínú ìtàn. Lẹ́yìn náà wọ́n mú Orito wá, ọ̀dọ́kùnrin tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bíi kànga. Ohùn náà dára. Ìwà rẹ̀ ló wá dára jù. Lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ẹni tó dé lánàá kì í gbójú sókè sí ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó, òun ló ń ṣí i fún àgbà. Nígbà tó wá kan Orito láti sọ pé òun yóò lọ Tomaru lúbúlúbú, ó kọ́kọ́ tẹrí ba fún Yoshie, ohùn rẹ̀ sì jáde bí ohùn ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ṣe é. Ní ìgbà keje, ó halẹ̀ tán, ó tọrọ àforíjì.

Nagase fa Yoshie sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí Orito kò bá ṣe é dáadáa kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn òǹkọ̀wé yóò jẹ́ kí Ọba Èéfín jábọ́ sínú òkun, ó tán nìyẹn. Yoshie mọ̀ pé wọ́n ti sun òkú Kuramochi bí àṣà wọn, wọ́n ti kó eegun rẹ̀ sínú ìkòkò. Inú kátúùnù nìkan ló kù tó ti lè pariwo mọ́ òun. Kò fẹ́ sin ín lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sàn-án, ó mú Orito lọ jẹ núdù. Orito fi ẹyin rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, ó fẹ́ fi kádìí oúnjẹ. Yoshie na igi ìjẹun, ó mú ẹyin náà, ó jù ú sẹ́nu.

Orito rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Kò burú, Màmá. Ẹ máa jẹ ẹ́."

"Ó dùn o," ni Yoshie wí. "Ó dùn ju ohùn ẹ lọ."

Orito gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Yoshie ní olè tó ń kanlẹ̀kùn, tó ń kí onílé, oòrùn wo ló fẹ́ jí? Orito tún gbà. Ni Yoshie bá na igi sí ẹran tó kẹ́yìn nínú abọ́ náà.

"Ẹ fi ẹran yẹn sílẹ̀!"

Abọ́ mì. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ alásè. Ọmọ kékeré kan tó jókòó nítòsí wọ abẹ́ tábìlì, ó ní Ọba Èéfín ti dé.

Ojú ti Orito, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Yoshie di apá rẹ̀ mú.

"Jókòó. Má bẹ̀ mí. Kuramochi ò bẹ̀ mí rí. Ọ̀bọ kékeré ló máa ń pè mí. Ọjọ́ tí ò bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ara ẹ̀ ò yá. Tó o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi, bá mi jà dáadáa."

Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é. Ọba Èéfín bú ramúramù, Tomaru bú u padà, oòrùn yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìkà. Nagase ní kí àwọn òǹkọ̀wé gbàgbé òkun.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, Yoshie lọ sí itẹ́ òkú. Ó pọn omi sínú garawa onígi, ó fi ìgbákọ gígùn bù ú, ó sì ń rọra dà á sórí òkúta ibojì Kuramochi, bí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún òkú níbẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀, títí orúkọ rẹ̀ fi mọ́.