Edé Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Ọlálẹ́yẹ ru fóòmù tuntun lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí èbúté, ìkejì ṣì wà nínú ọkọ̀, nígbà tí òórùn edé gbígbẹ kọlù ú nímú. Kò fura. Ta ni òórùn edé ń yà lẹ́nu ní Ayétòrò? Àfìgbà tó dé iwájú ilé tó fi oṣù márùn-ún kọ́ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, tó yọjú wo inú rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ló tó rí i pé ibẹ̀ gan-an ni òórùn náà ti ń wá. Agbọ̀n edé ló tò sílẹ̀ níbi tó ti fọkàn sí pé bẹ́ẹ̀dì Màmá yóò wà. Àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Edé!" ló wí, bí ẹni tó ń pe orúkọ ọ̀tá rẹ̀.

Ilé náà kì í ṣe irú ilé tí ojú mọ̀. Kò ní igun, èèyàn ò sì lè sọ ibi tí ògiri parí sí kí òrùlé tó bẹ̀rẹ̀. Rìbìtì ló rí, bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, wọ́n sì gbé e ka orí òpó bíi ti àwọn ilé tó yí i ká. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onígun mẹ́ta, márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún, ni wọ́n so pọ̀ tó fi dúró. Ọlálẹ́yẹ, ọmọ Ìrágbìjí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò ní Igbókọ̀dá, ló ṣírò rẹ̀. Godwin, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń kan ọkọ̀, ló fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí ojú ọkọ̀ dí gbogbo oríkèé rẹ̀. Bí ìjì bá dé, kò ní rí ògiri gbá mú, yóò kàn fọwọ́ pa ilé náà lórí ni, yóò sì kọjá lọ. Bí Ọlálẹ́yẹ ṣe máa ń ṣàlàyé nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́, àti fún àwọn tí kò dúró pàápàá.

Kì í ṣe fàájì ló fi kọ́ ọ. Ní èṣí, òkun gbé ilé ìdáná Màmá Tabitha, ìyá ìyàwó rẹ̀, lọ. Láti ẹnu ọ̀nà ilé pákó tó ń gbé dé ibi tí ìgbì ń fọ́ sí báyìí, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni. Ọlálẹ́yẹ ti fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí òjò bá ti ṣú, Tẹ́ní ìyàwó rẹ̀ ò ní jẹun mọ́, yóò kàn máa pe fóònù ìyá rẹ̀. Lawrence, àkọ́bí Màmá, ti kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù fún un rí. Màmá dúpẹ́, ó jó, ó sì padà sínú ilé pákó rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ewúrẹ́ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí Ọlálẹ́yẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé rìbìtì, ó dúpẹ́, ó sì jó. Bí ó bá kọ èyí náà, a jẹ́ pé ó di ọwọ́ òkun.

Ó bá Màmá níwájú ilé pákó, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó gbé fóòmù kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọma mi! Ọkọ Tẹ́ní! O kú ewu ọ̀nà. Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, mà. Ó ní kí n kí yín." Ọlálẹ́yẹ họ orí. "Màmá, mo rí edé nínú ilé yẹn."

"O rí i? Ó dáa." Màmá fi eyín gé òwú. "Rekiyat ń bọ̀ lọ́sàn-án. Jókòó, kí o jẹun."

Ta ni yóò bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí edé? Ọlálẹ́yẹ jókòó ti pupuru àti ọbẹ̀ ẹja, kò mọ adùn rẹ̀. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í. Kí ni yóò sọ fún Tẹ́ní? Godwin dé bá a níbẹ̀, ẹ̀rín sì ti ń pa á kó tó jókòó.

"Bọ̀dá, ilé yín ti rí ayálégbé. Àwọn yẹn ò ní pariwo."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti kó wọn síbẹ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ náà ni. Ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Ọlálẹ́yẹ gbé àwo oúnjẹ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Rekiyat dé. Òun ló ń ra edé lọ́wọ́ àwọn obìnrin etíkun lọ sí Òkìtìpupa, kò sì sí elédé tí kò bẹ̀rù eyín rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò wọ́ tẹ̀ lé e, àwọn kan náà tí wọ́n ti fi ilé rìbìtì ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù márùn-ún. Màmá Tabitha yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣílẹ̀kùn. Rekiyat kò wo òkè, kò wo ilẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n kan títí dé ìgbọ̀nwọ́, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ọ̀rinrin máa ń sá pamọ́ sí. Ó bu edé jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra á létí, ó wá ju ẹyọ kan sẹ́nu. Gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe dún kàràkàrà.

"Ìyá Lawrence, ọjọ́ mélòó ni òjò fi rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ọjọ́ márùn-ún."

"Edé yìí ò gbọ́ nípa rẹ̀."

Ni ariwo bá sọ! Obìnrin kan gbé orin, òmíràn ń fọwọ́ gbá ògiri ilé náà bí ẹni ń kí ọmọ tuntun. Màmá wá kọjú sí Ọlálẹ́yẹ.

"Nínú ilé búlọ́ọ̀kù yẹn, ọjọ́ kẹta ni edé mi bu. Ilé tí edé ò lè sùn sí, ṣé egungun arúgbó ni yóò sùn síbẹ̀?"

"Ẹ ò sì sọ fún Bọ̀dá Lawrence, mà?"

"Ọmọ tó làágùn kọ́lé fún mi, kí n wá sọ fún un pé ilé rẹ̀ ń pa edé?"

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọlálẹ́yẹ sì ti gun orí ilé náà láìmọye ìgbà, tòun ti okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó edé jáde. Wọ́n gbé fóòmù wọlé, ìjà ńlá sì bẹ́ lórí ibi tó yẹ kó wà, nítorí ilé tí kò ní igun ò ní ibi tí a lè ti bẹ́ẹ̀dì sí. Wọ́n gbé e sí àárín gbùngbùn. Obìnrin mẹ́rin dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti wo òkè, wọ́n sì ń ka pákó onígun mẹ́ta títí ó fi dàrú mọ́ wọn lójú. Màmá ń gbálẹ̀ yí wọn ká, ó ń lé wọn pẹ̀lú ọwọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, Rekiyat tẹjú mọ́ agbọ̀n tí wọ́n tò síta. Mẹ́fà ni.

"Ìyá Lawrence, agbọ̀n kékeré kan la fi ń dán ilé wò. Gbogbo edé ọdún yìí lo kó síbẹ̀? Bí ilé náà bá jò ńkọ́?"

Màmá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọkọ Tẹ́ní ló kọ́ ọ," ló wí, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọlálẹ́yẹ bọ́ síta, ó lọ dúró lẹ́yìn ilé, ó ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ ọ̀dà wò. Ìgbà mẹ́ta ni òkun ti lé Màmá kúrò nílé. Ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí a kọ́kọ́ ń gbé, ó sì mọ ibi tí a ń gbé e sí. Fóònù rẹ̀ dún. Tẹ́ní ni.

"Ẹ̀yin, ariwo kí ni mò ń gbọ́ yẹn? Ṣé Màmá gbà láti kó lọ?"

"Wọ́n ti kó wọlé."

"Hẹ̀ẹ́! Nígbà wo?"

Ọlálẹ́yẹ nu ojú rẹ̀ nù. "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ló dá a lóhùn.